Gbèsè tí wọ́n wọ́gi lé: èsì fún Ìyá Ìbejì, oníléèsì ní Balógun

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, Mushin ni mò ń gbé. Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún ń bẹ àwọn olówó ayé pé kí wọ́n wọ́gi lé gbèsè wọn. Mo rántí ọdún 2005 tí Ọbásanjọ́ sọ fún wa pé wọ́n ti dárí gbèsè ji Nàìjíríà. Kí la rí gbà níbẹ̀? Báwo la ṣe tún wọ gbèsè tó ju ti àkọ́kọ́ lọ? Ṣé ìdáríjì yìí tiẹ̀ ń ṣe tálákà láǹfààní, àbí àwọn olóṣèlú nìkan ló ń jẹ ẹ́? Ohun tó mú mi bèèrè ni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ jókòó lọ́jọ́ Sátidé lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn kan ní ká fi gbèsè rẹ̀ jì í. Àwọn kan ní tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa san mọ́. Ìyá Ìbejì ni."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àfaradà oòrùn. Mo mọ Balógun bí ẹní mowó. Ọdún 1981 ni mo wọṣẹ́ báńkì ní Broad Street, ẹ̀ka tó ń bá àwọn oníṣòwò fowó ránṣẹ́ sókè òkun ni mo pẹ́ sí jù, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì wá jókòó sí Èbúté Mẹ́tta. Ọ̀rọ̀ gbèsè Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé nìkan. Ọwọ́ mi ni mo fi to fáìlì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi kí n tó rojọ́. Wíwọ́gi lé gbèsè ń ranni lọ́wọ́. Àmọ́ owó tó ń dá padà sápò onígbèsè kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Iye tí onígbèsè ń san lóṣooṣù tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tí kò san kọ́bọ̀ láti ọdún márùn-ún, tí ẹ bá wọ́gi lé gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, owó ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá náà ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tùn-únla. Ohun tó rí gbà ni pé wọn ò ní dógò tì í mọ́, pé ó lè sùn, pé ẹlòmíì lè dá a lóhùn tó bá fẹ́ ra ọjà àwìn. Nǹkan ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́ "bílíọ̀nù 18 dọ́là" lọ́dún 2005 tí wọ́n rò pé ẹnì kan gbé àpótí owó dé Àbújá. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń bèèrè ta ló gbé àpótí náà sá lọ. Kò sí àpótí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bí gbèsè náà ṣe dé. Lọ́dún 1978, ìjọba ológun yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́jà owó àgbáyé. Epo ń dà bí omi òjò nígbà náà, kò sẹ́ni tó rò pé òjò lè dá. Kí ọdún 1982 tó parí, owó epo ti ń já wálẹ̀, Amẹ́ríkà sì ti gbé èlé sókè láti fi gbógun ti ọ̀wọ́n gógó lọ́dọ̀ tiwọn, gbogbo ẹni tó yáwó tí èlé rẹ̀ ń yí padà ló bá a lọ. Ohun tí mo wá rí lórí tábìlì mi nìyí. Oníṣòwò kan ní Ìdúmọ̀tà á kó ẹrù wọlé láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, á san náírà rẹ̀ pérépéré sí báńkì. Àwa náà á kọ̀wé béèrè fún pọ́n-ùn tá a máa fi ránṣẹ́. Kò sí. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, kò sí. Ẹrù ti tà, wọ́n ti jẹ èyí tí wọ́n jẹ, wọ́n ti wọ èyí tí wọ́n wọ̀ gbó, ẹni tó kó o ránṣẹ́ sì ń retí owó rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìjọba ìlú rẹ̀ ló ti ṣe onídùúró fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n san owó fún ọmọ ìlú wọn, wọ́n gbé ìwé gbèsè dé bá wa. Bí gbèsè oníṣòwò sí oníṣòwò ṣe di gbèsè ìjọba sí ìjọba nìyẹn. Apá ńlá nínú ohun tá a jẹ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó tí wọ́n ń pè ní Paris Club, ọ̀nà yìí ló gbà wọlé.

Ẹ̀yin oníléèsì á rẹ́rìn-ín sí èyí: orílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, níbi tí léèsì àtàtà ti ń wá láti Lustenau, wà lára àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ní Paris tí wọ́n ń bi wá léèrè owó wọn. Mi ò sọ pé léèsì la fi jẹ gbèsè o. Gẹ̀ẹ́sì la jẹ jù.

Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kì í gé kọ́bọ̀ kúrò lára ojú owó. Ó lè fi ogún ọdún kọ ebè, kí iye tí wọ́n yá wà bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbèsè Nàìjíríà jọ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé owó ìwọ̀fà kì í wú, tiwa ń wú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní 1986, 1989, 1991 àti 2000, la bá Paris Club jókòó láti tún ọjọ́ sísan dá. Títún ọjọ́ dá kì í ṣe ìdáríjì. Èlé tá a kò rí san ni wọ́n ń kó lé ojú owó, kí èlé tó tún máa bí èlé, kí owó ìtanràn sì gorí rẹ̀. Ọbásanjọ́ sọ ọ́ fáyé gbọ́ ní nǹkan bí ọdún 2000 pé ohun tá a yá títí di nǹkan bí 1985 kò ju bíi bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ, pé a ti san bíi 16, síbẹ̀ wọ́n ní a ṣì jẹ bíi 28. Ẹni tó bá ti gba owó lọ́wọ́ àwọn gbọ́mú-lé-lántà ní Mushin kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn síwájú sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2005 wá ńkọ́? Nínájà ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan. Bíi bílíọ̀nù 30 dọ́là la jẹ Paris Club nígbà yẹn. Wọn ò fi wá sínú ètò ìdáríjì tí Báńkì Àgbáyé àti IMF, àjọ tó ń rí sí ètò owó lágbàáyé, dá sílẹ̀ ní 1996 fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, nítorí lójú tiwọn, olóko epo kì í tọrọ. Ngozi Okonjo-Iweala ni mínísítà ètò ìnáwó. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ti jókòó ka gbogbo ìwé gbèsè náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ṣáájú ìgbà yẹn, iye tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ àti iye tí olówó kọ sílẹ̀ kì í bára mu. Owó epo ń gòkè, wọ́n sì ti ń tọ́jú èyí tó lé lórí iye tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ìnáwó láti 2004. IMF gbà láti máa yẹ ìwé ìṣirò wa wò láì yá wa lówó. Ètò tuntun nìyẹn, àwa la sì kọ́kọ́ lò ó lágbàáyé. A san gbogbo ohun tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Wọ́n gé apá ńlá kúrò nínú ìyókù, a wá fi owó gidi ra èyí tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀dínwó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2006, bílíọ̀nù 12.4 ló ti jáde lápò wa, bíi 18 ni wọ́n wọ́gi lé. Nínú náírà kan tá a jẹ, a san ogójì kọ́bọ̀.

Ariwo pọ̀ nígbà yẹn. Àwọn kan ní orílẹ̀-èdè tí kò níná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ kó bílíọ̀nù 12 fún òyìnbó lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá wọn jiyàn nínú ilé oúnjẹ wa ní Marina títí oúnjẹ fi tutù, mi ò sì tíì yí èrò mi padà. Owó epo kì í dúró. Bí a bá tọ́jú bílíọ̀nù 12 yẹn, gbèsè á máa wú, owó á máa yọ́, àwọn olówó kò sì ní gba ogójì kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ míì. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń ná owó epo ní Nàìjíríà mọ̀ pé ohun tí a fi san gbèsè nìkan ni ó dá wa lójú pé a fi ṣe nǹkan kan.

Ẹ bi mí pé kí la rí gbà. Ṣáájú ìdáríjì, bíi bílíọ̀nù kan dọ́là là ń san fún Paris Club lọ́dún, kò tó iye tó yẹ ká san, ìyẹn gan-an ló ń mú kó wú. Bílíọ̀nù kan yẹn ló bọ́ sílẹ̀ fún wa lọ́dọọdún, kì í ṣe 18. Ètò ìkànìyàn 2006 ka wa ní mílíọ̀nù 140. Ẹ pín in. Dọ́là méje lé díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Dọ́là kan kò ju bíi ₦128 lọ nígbà náà, nítorí náà bíi ₦900 ló kan ẹ̀yin, ó kan èmi, ó kan ọmọ jòjòló ní Sókótó, fún odidi ọdún kan.

Ìjọba àpapọ̀ ya ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tó kan tálákà, wọ́n sì fi Amina Mohammed, tó di igbákejì akọ̀wé àgbà Ìṣọ̀kan Àgbáyé lẹ́yìn náà, ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n fi gba olùkọ́, wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn kéékèèké, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Láti 2009 wọ́n fi ń san owó àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n rán lọ sí ìgbèríko níbi tí obìnrin ti máa ń bímọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fara mọ́ ti àwọn agbẹ̀bí yẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà ní 2008 rí i pé bíi obìnrin 545 ló ń kú nídìí oyún àti ìbímọ nínú ìbímọ 100,000. Ti 2013 jẹ́ 576. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó gòkè tàbí ó lọ sílẹ̀. ₦900 kò lè gbé odò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Èrè tí ẹnu kì í sábà ròyìn ni ti orúkọ rere, ó sì dé Balógun. Lọ́dún 1990 sókè, tí oníbàárà mi bá fẹ́ kó ẹrù wọlé, báńkì òkè òkun á ní kó kó gbogbo owó náà sílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó ṣí. Ìwé àdéhùn tó ti báńkì Nàìjíríà wá dà bí ìwé ọmọ onígbèsè lójú wọn. Lọ́dún 2006, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fún orílẹ̀-èdè ní máàkì lórí gbèsè, Fitch àti Standard & Poor's, fún Nàìjíríà ní máàkì BB-, ó sì di pé tí mo bá kọ lẹ́tà, wọ́n ń dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ méjì. Oníṣòwò tó ń kó kọ̀nténà kan tẹ́lẹ̀ lè kó méjì pẹ̀lú owó kan náà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí nínú àkọọ́lẹ̀ ìdáríjì gbèsè.

Ti àwọn ẹlòmíì wá dùn ún wò ju tiwa lọ. Orílẹ̀-èdè 37 ló ti parí ètò ọdún 1996 yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Áfíríkà. Sòmálíà ló dé kẹ́yìn, ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Uganda ló kọ́kọ́ parí rẹ̀, ní 1998, ẹ sì jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nítorí ìbéèrè yín nípa àwọn olóṣèlú. Ọdún 1997 ni wọ́n sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì fò láti bíi mílíọ̀nù mẹ́ta kọjá mílíọ̀nù márùn-ún láàárín ọdún kan. Owó gbèsè tí wọ́n wọ́gi lé wà lára ohun tó gbé ètò náà ró. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn ni àwọn olùwádìí ti tọpa owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti 1991 sí 1995, wọ́n rí i pé nínú 100 ṣílè tó kúrò ní olú ìlú, 13 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀gá kékeré láàárín ọ̀nà ló ń jẹ ìyókù. Ohun tí ìjọba ṣe kò le rárá: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ níbi tí òbí ti lè kà á. Nígbà tó di 2001, ó ju 80 lọ tó ń dé. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè jẹ ẹ́. Wọ́n ń jẹ owó orí bákan náà, wọ́n ń jẹ owó epo. Owó ìdáríjì kò ní òórùn ọ̀tọ̀ tó lè lé olè sá. Ìwé tó wà lára ògiri ló ń lé e.

Sáńbíà ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún ẹni tó bá ní kí n fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá òun lóhùn, nítorí ìdáhùn méjèèjì wà lára orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n parí ètò ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Gbèsè tó tó bíi bílíọ̀nù méje dọ́là lọ́dọ̀ àwọn ará òde rọ̀ sí èyí tí kò tó bílíọ̀nù kan. Nígbà tí ọdún pé, ní oṣù kẹrin 2006, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ará ìgbèríko mọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó ti gbé ọmọ tí ibà ń pa sẹ́yìn rí, tó sì ń ka owó lọ́wọ́ bóyá ó tó gba káàdì, mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Kí òpè má rò pé gbogbo olówó ló dárí jì wọ́n o. Láti 1979 ni Sáńbíà ti gba katakata àwìn lọ́wọ́ Romania. Ní 1999, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Donegal International ra ìwé gbèsè yẹn ní bíi mílíọ̀nù 3.3 dọ́là, ó gbé Sáńbíà lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun ń gba mílíọ̀nù 55. Kóòtù ní kí wọ́n san bíi 15 fún un ní 2007. Ayé ń pe irú àwọn olówó bẹ́ẹ̀ ní igúnnugún: ibi tí àwọn yòókù ti ń dáwọ́ jọ wọ́gi lé gbèsè ni wọ́n ń bà sí. Ní 2010, ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó dí ọ̀nà yẹn pa ní kóòtù tiwọn fún gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ètò náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òwe tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín fẹ́ pa lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, mo mọ̀. Láàárín èmi pẹ̀lú ẹ̀yin, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ti Sáńbíà, igi tó dí ọ̀nà kò pẹ́ tó fi kúrò. Bàbà tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà, olówó ń wá ibi tí yóò kó owó sí, ó di 2012, Sáńbíà ta Yúróbọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà fún àwọn olówó òkè òkun, mílíọ̀nù 750 dọ́là ní èlé tó lé díẹ̀ ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó fẹ́ yá wọn lówó pọ̀ ju owó tí wọ́n fẹ́ yá lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Wọ́n tún ta bílíọ̀nù kan ní 2014, wọ́n ta 1.25 ní 2015, wọ́n tún yá ti Ṣáínà lé e. Bàbà já wálẹ̀. Owó kwacha já wálẹ̀. Kòrónà dé. Ní oṣù kọkànlá 2020, wọn ò lè san èlé mọ́. Ìpàdé lórí ìpàdé, ó di 2023 kí àwọn ìjọba olówó tó fọwọ́ sí i, ó di 2024 kí àwọn oníbọ́ǹdì tó gbà. Ghana náà tọ ọ̀nà kan náà: ìdáríjì ní 2004, Yúróbọ́ǹdì àkọ́kọ́ ní 2007, àìlèsan ní oṣù kejìlá 2022.

Ṣé kò wúlò nìyẹn? Ará ìgbèríko Sáńbíà tó gba oògùn ibà ọ̀fẹ́ ní 2006 kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ìdáríjì máa ń nu sílétì mọ́, kì í yí iṣẹ́ tí onígbèsè ń ṣe padà. Bàbà ni Sáńbíà ń tà kí wọ́n tó dárí jì í, bàbà náà ló tún ń tà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa náà, epo. Ẹ wo Jámánì. Lọ́dún 1953 ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olówó wọ́gi lé nǹkan bí ìdajì gbèsè Jámánì Ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn lẹ́yìn ogun tí Jámánì fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, wọ́n sì pín ìyókù sí ọ̀pọ̀ ọdún kí sísan rẹ̀ má baà wọ ìlú náà lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ kó rí ọjà tà láti fi san án. Kò sẹ́ni tó pariwo nígbà yẹn pé ìdáríjì á ba ọmọ Jámánì jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé gbèsè tí wọ́n fi ji Áfíríkà ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ẹ rántí ìyẹn.

Báwo la wá ṣe tún wọ̀ ọ́? Lẹ́yìn 2006, ohun tí a jẹ àwọn ará òde kò ju bíi bílíọ̀nù 3.5 dọ́là lọ. Ní 2011 a ta Yúróbọ́ǹdì tiwa àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 500. Láti 2014 tí owó epo tún ti já, ìjọba ń fi yíyá dí àlàfo: lọ́jà bọ́ǹdì, lọ́dọ̀ Báńkì Àgbáyé, lọ́dọ̀ Ṣáínà. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí mò ń gbọ́ fèrè rẹ̀ látinú yàrá mi wà nínú ti Ṣáínà, mi ò sì ní bú ẹni tó yá owó yẹn, torí mo ń wọ̀ ọ́. Èyí tó bí mi nínú ni ti báńkì àpapọ̀, tí wọ́n ń gbà láti fi san owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ títí tó fi lé ní tírílíọ̀nù 22 náírà kí wọ́n tó sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn ní 2023.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Ní ìparí 2023, gbogbo gbèsè ìjọba jẹ́ tírílíọ̀nù 97 náírà. Ní ìparí 2024, ó ti di 144. Ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé a lọ yá tírílíọ̀nù 47. Tí ẹ bá kà á ní dọ́là, ńṣe ló dín kù, láti bíi bílíọ̀nù 108 sí 94. Náírà ló ṣubú. Ẹ mọ̀ ọ́n: tí ẹ bá jẹ ará Ọ́sítríà ní owó léèsì 20 pííìsì, tí ẹ sùn, tí ẹ jí, tí náírà sì ti já, gbèsè yín ti di ìlọ́po méjì láìfi ẹyọ léèsì kan kún ti ṣọ́ọ̀bù.

Èyí ló mú kó ṣòro láti tún ṣe irú ti 2005. Nígbà náà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo la bá jókòó. Nínú bíi bílíọ̀nù 45 dọ́là tá a jẹ àwọn ará òde ní ìparí 2024, nǹkan bí ìdajì jẹ́ ti Báńkì Àgbáyé àti irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀, 17 lé díẹ̀ jẹ́ ti àwọn oníbọ́ǹdì tí a kò mọ ojú wọn, Ṣáínà ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ju ìdajì gbogbo gbèsè ìjọba lọ kò tilẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn báńkì ló ni ín, àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ìyẹn ni pé èmi ni mo ni ín. Nígbà tí Ghana fẹ́ gé irú gbèsè abẹ́lé bẹ́ẹ̀ ní 2023, àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ló lọ dúró síwájú ọ́fíìsì ìjọba ní Accra pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Tí ẹ bá ní kí wọ́n wọ́gi lé gbèsè Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èwo.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yín. Owó alájẹṣẹ́kù kì í ṣe owó Paris Club, owó ìfẹ̀yìntì lẹ fi wé. Ohun tẹ́ ẹ bá wọ́gi lé, ẹnì kan nínú yàrá yẹn ni yóò jẹ ẹ́ mọ́ra. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé. Èló ló ń san lóṣù kí iná tó jó? Tó bá ti dáwọ́ dúró ṣáájú iná, iná kọ́ ló fà á, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó bá ń san déédéé títí di oṣù tí iná jó, èmi á ní kí ẹ dá èlé dúró láti ọjọ́ iná, kí ẹ má jẹ́ kó bímọ sórí ojú owó, kí ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́fà tí kò ní san nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wo ọjà tó rí kó padà, kẹ́ ẹ tó sọ iye tẹ́ ẹ máa fi jì í. Ẹni tẹ́ ẹ dárí jì tí kò ní ọjà lórí àtẹ, ẹ̀ ń dúró de ìgbà tó máa tún yá ni. Ó lè gba pé kí àwọn onídùúró rẹ̀ bá a kó ọjà díẹ̀ láwìn. Kí akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, kó kà á sókè, kí ẹni tí iná kò jó má wá fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ sì jẹ́ kí obìnrin náà jókòó síbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́. Ní Paris, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń fi orílẹ̀-èdè onígbèsè sí nígbà tí àwọn olówó bá ń jiyàn lórí rẹ̀, alága á wá máa jáde lọ jíṣẹ́ fún un.

Ẹ kí àwọn ìbejì fún mi.